"Ẹ Fi Wá Sílẹ̀": Ọ̀rọ̀ Tó Ti Ẹnu Ẹlẹ́sìn Dé Ẹnu Oníṣòwò, Tó Dé Ẹnu Ìjọba

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Faransé kan la fẹ́ tú wò lónìí: laissez-faire. Ẹ pè é ní "lẹ́sé-fẹ́ẹ̀", ó ti tó. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni Yorùbá rẹ̀, mi ò ní lọ jìnnà rárá: "Ẹ fi wá sílẹ̀." Ẹ fi wá sílẹ̀ ká ṣe é bó ṣe yé wa. Ẹ yọwọ́ yín kúrò níbẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń pe èrò pé kí ìjọba má máa dá sí òwò.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní ní nǹkan bí ọdún 1681, Colbert, mínísítà Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, pe àwọn oníṣòwò jọ, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ìjọba ṣe fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Le Gendre dáhùn pé, "Ẹ fi wá sílẹ̀." Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu ẹlòmíì kó tó dé ẹnu oníṣòwò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló kọ́kọ́ fà á.

Ẹ bá mi kálọ sí Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ní January 1636. Yìnyín bo ilẹ̀. Ọkùnrin kan ń fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀, kò mọ ibi tó máa sùn. Roger Williams lorúkọ rẹ̀, oníwàásù ni. Ilé ẹjọ́ ti ní kó jáde nílùú wọn láti October ọdún tó ṣáájú. Kí ló ṣe? Ó ní adájọ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni torí ohun tó gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run. Ó tún ní ọba Gẹ̀ẹ́sì ò lè máa pín ilẹ̀ onílẹ̀ fún èèyàn. Àwọn onílẹ̀ yẹn gan-an, àwọn Wampanoag àti Narragansett, ló dóòlà ẹ̀mí rẹ̀. Ọwọ́ àwọn olóyè Narragansett ló ti gba ilẹ̀ tó fi tẹ ìlú Providence dó.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Williams ò gbà pé gbogbo ẹ̀sìn ló dọ́gba. Rárá o! Ó le nínú ẹ̀sìn ju àwọn tó lé e lọ. Ohun tó ń sọ ni pé ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi kóńdó tì wọ inú ẹni kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọsìn tí wọ́n bá fipá múni ṣe, ṣe ló ń rùn ní imú Ọlọ́run. Ó ń rùn! Ní Boston, tí kò jìnnà sí i, wọ́n yẹgi fún obìnrin kan ní 1660. Mary Dyer lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ìjọ Quaker ni, ìjọ Kristẹni kan tí àwọn aláṣẹ Boston ò fẹ́ rí, wọ́n lé e, lé e, kò yé padà wá. Ẹ fi ìjọ Quaker yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà bá wọn.

Wàyí o. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà nìyí, mo sì ń rí i nínú ohun tí ẹ ń kọ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ rò pé "ẹ fi wá sílẹ̀" túmọ̀ sí pé kí ìjọba má sí mọ́. Ẹ ò dá nìkan rò bẹ́ẹ̀. Ní 1655, àwọn kan ní Providence gan-an dìde, wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀rí ọkàn oníkálukú ló ń darí rẹ̀, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè ní kí àwọn gbé ohun ìjà láti dáàbò bo ìlú. Williams kọ lẹ́tà sí wọn. Ó ní ẹ wo ọkọ̀ ojú omi kan tó kún fún èrò. Kátólíìkì wà níbẹ̀, Pùròtẹ́sítáǹtì wà níbẹ̀, Júù wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fipá mú wọn wá síbi àdúrà ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ dí wọn lọ́wọ́ àdúrà tiwọn. Àmọ́ ọ̀gá ọkọ̀ ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Gbogbo wọn ló máa san owó ọkọ̀. Ẹni tó bá dá wàhálà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ máa jìyà.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Èrò ọkọ̀ ló ní KÍ WỌ́N FI ÒUN SÍLẸ̀. Kò ní KÍ Ọ̀GÁ ỌKỌ̀ FI ỌKỌ̀ SÍLẸ̀. Ọ̀tọ̀ nìyí, ọ̀tọ̀ nìyẹn!

Gàrí ni ìyá tó tọ́ mi dàgbà ń tà. Kò sẹ́ni tó ń sọ iye tó máa tà á fún un, òun àti oníbàárà rẹ̀ ló máa ná an títí tí wọ́n á fi fẹnu kò. Àmọ́ ẹ wò ó nígbà tó bá lọ ra ọjà lóko. Kí wọ́n tó wọn nǹkan kan fún un, á gba kọ́ńgò náà, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á fi àtàǹpàkò fọwọ́ ra ìdí rẹ̀ yíká. Torí àwọn kan máa ń lu ìdí kọ́ńgò wọnú, kí gàrí tó máa gbà lè dín kù. Bó bá bá irú ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà. Ìyálọ́jà ò dá sí iye owó, kọ́ńgò ló dá sí. Gbogbo ìwé tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì rí èyí tó yé mi tó kọ́ńgò yẹn.

Ó yá, ká tẹ̀ síwájú. Ní 1685, Louis Kẹrìnlá fagi lé òfin Nantes tó ti ń dáàbò bo àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé láti 1598. Àwọn bíi 200,000 sá kúrò nílùú. Ahunṣọ pọ̀ nínú wọn, oníṣẹ́ aago pọ̀ nínú wọn, oníṣòwò pọ̀ nínú wọn. London gbà wọ́n, Berlin gbà wọ́n. Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ owó ti wọnú ara wọn: ọba lé ẹ̀sìn jáde, iṣẹ́ ọwọ́ bá a lọ. Nígbà tí Voltaire, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, dé London ní 1726, ohun tó rí ní ilé pàṣípààrọ̀ àwọn oníṣòwò yà á lẹ́nu. Júù, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń bára wọn dòwò pọ̀ bíi pé ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n, ẹni tó bá jẹ gbèsè sá nìkan ni wọ́n ń pè ní kèfèrí. Èmi tí wọ́n bí sínú ilé tí wọ́n ti ń pa àgbò iléyá, tí wọ́n tún ń se ìrẹsì Kérésìmesì, ọ̀rọ̀ yẹn yé mi dénú.

Ní Faransé ńkọ́? Ìjọba ń ka òwú fún ahunṣọ. Mo ní wọ́n ń kà á! Òfin ayé Colbert ní aṣọ tí wọ́n bá hun ní Dijon gbọ́dọ̀ ní fọ́nrán òwú 1,408. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, ẹ fojú inú wò ó pé kí aṣojú ìjọba wá jókòó ti òfì, kó máa ka òwú ọkọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ Le Gendre kì í ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ní 1774, ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn di mínísítà ètò owó. Turgot nìyẹn. Ní September, ó ní kí ọkà máa lọ kó máa bọ̀ káàkiri ilẹ̀ Faransé, kí ìjọba má dá sí iye tí wọ́n ń tà á mọ́. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: bí ọkà bá wọ́n níbì kan, oníṣòwò á gbé e lọ síbẹ̀, á sì padà pọ̀. Àmọ́ ìkórè ọdún yẹn ò dáa. Owó búrẹ́dì fò sókè. Ní April 1775, Dijon kọ́kọ́ gbaná, Dijon yẹn náà! Ó ràn dé Paris àti Versailles. Ohun tó máa ń wú mi lórí ni pé níbi púpọ̀, àwọn èèyàn yẹn ò jalè. Wọ́n já wọ ilé ọlọ́kà, wọ́n wọn ọkà, wọ́n sì kówó lé e, iye tí wọ́n gbà pé ó tọ́ sí i. Turgot tó ní kí ìjọba yọwọ́, ọmọ ogun bíi 25,000 ló kó jáde. Wọ́n so ọkùnrin méjì rọ̀ ní gbangba ní Paris. Nígbà tó fi máa di May 1776, ọba ti yọ òun náà nípò.

Ọdún 1776 yẹn ni ìwé Adam Smith, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Scotland, jáde. Mo mọ̀ pé òun lẹ ti ń retí. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ purọ́ jù! Kò lo ọ̀rọ̀ "laissez-faire" nínú ìwé yẹn rárá. "Ọwọ́ àìrí" tí gbogbo ayé ń pariwo, pé bí oníkálukú ṣe ń wá èrè tirẹ̀ ló máa ń ṣe ìlú láǹfààní láìmọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jáde níbẹ̀. Smith ní ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo ìlú, kó dájọ́ òdodo, kó ṣe ọ̀nà àti afárá, kó ran ọmọ tálákà lọ́wọ́ láti kàwé. Ó sì kìlọ̀ pé bí oníṣòwò iṣẹ́ kan náà bá pàdé, ọ̀rọ̀ wọn kì í pẹ́ di bí wọ́n ṣe máa gbìmọ̀ pọ̀ lórí aráàlú. Ẹ ò rí i? Kọ́ńgò náà ló ń wò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká rọra rìn. Ní 1815, wọ́n ṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọkà òkèèrè ò gbọ́dọ̀ wọlé títí tí ọkà ilé á fi wọ́n dé ṣílè 80 fún òṣùwọ̀n kan. Àwọn ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ ń jẹ̀gbádùn, òṣìṣẹ́ ń fi ebi sùn. Richard Cobden àti John Bright dìde ní Manchester, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú. Quaker ni Bright. Mo ní kẹ́ ẹ fi wọ́n sọ́kàn! Kó tó dé orí ọ̀rọ̀ ọkà, ó ti bá ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba jà nílùú rẹ̀, Rochdale, torí wọ́n ń gba owó ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Ẹ fi wá sílẹ̀ ká sin Ọlọ́run wa. Ẹ fi wá sílẹ̀ ká ra búrẹ́dì tówó wa ká. Ní June 1846, wọ́n fagi lé òfin ọkà náà. Ìṣẹ́gun ńlá ni, inú mi ṣì máa ń dùn sí i.

Ní 1847, wọ́n gbé òfin míì wá pé kí àwọn obìnrin àti ọmọdé má ṣiṣẹ́ ju wákàtí 10 lóòjọ́ lọ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ. Bright, tó ní ilé iṣẹ́ òwú, dìde, ó ní rárá. Ẹ fi wá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnu kan náà! Àmọ́ ta ló wà ní ìdí ẹ̀rọ lọ́tẹ̀ yìí?

Ní Ireland, òkun kékeré ló wà láàárín, pòtétò ti ń jẹrà nínú ilẹ̀ láti 1845. Èèyàn tó ju mílíọ̀nù 8 lọ ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ò ní oúnjẹ míì. Peel, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀, dọ́gbọ́n ra àgbàdo Amẹ́ríkà tó tó £100,000 kí owó oúnjẹ má bàa fò. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ṣubú, ìjọba Russell dé, Charles Trevelyan ló sì ń darí ọ̀rọ̀ náà nílé ìṣúra. Èrò wọn ni pé bí ìjọba bá ń ta oúnjẹ, ó máa ba ọjà oníṣòwò jẹ́. Ọkà òótì ń ti èbúté jáde, ọmọ ogun ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ní kí ẹni tébi ń pa wá ṣiṣẹ́ kó tó gbowó, àmọ́ iṣẹ́ náà ò gbọ́dọ̀ ṣe aládàáni kankan láǹfààní. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú ń fọ́ òkúta láti la ọ̀nà tí kò lọ síbì kankan. Ní March 1847, wọ́n ju 700,000 lọ nídìí iṣẹ́ yẹn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1847, wọ́n gbà láti máa se ọbẹ̀ fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́. Bíi mílíọ̀nù 3 èèyàn ló ń jẹ ẹ́ lóòjọ́. Ó ṢIṢẸ́! Ẹ gbọ́ mi? Ó ṣeé ṣe, wọ́n sì ṣe é! Kó tó di òpin ọdún, wọ́n ti ilé ìdáná náà pa. Wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin éékà kan lọ gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ kó tó rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Bíi mílíọ̀nù kan ló kú. Àwọn tó sá lọ ju mílíọ̀nù kan lọ.

Èdè wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. "Ẹ fi wá sílẹ̀" ni Williams wí nínú yìnyín. "Wọ́n fi wá sílẹ̀" ni ará Ireland wí. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, ẹni tó ń ṣe é ló yí padà.

Ó dé Èkó náà. Ní December 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ sá, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní January 1, 1852, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: kí òwò ẹrú dópin, kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì máa tà kó máa rà bó ṣe wù ú, kí ẹnikẹ́ni má dí oníwàásù lọ́wọ́. Ìjọba, ọjà, ẹ̀sìn, inú ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àwọn Ìjẹ̀bú ṣì di ọ̀nà tiwọn mú. Oníbodè ń gba owó ibodè, wọn ò fẹ́ àjèjì tó ń gba ilẹ̀ wọn kọjá, wọn ò sì fẹ́ oníwàásù. Àwọn náà ń sọ ọ́ pé ẹ fi wá sílẹ̀. Ní May 1892, ní Ìmágbọ̀n, ìbọn Maxim ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣí ọ̀nà náà fún òwò.