Ìrora Yẹn, Níbo Ló Wà Gan-an?

Ẹ ti fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ tábìlì rí nínú òkùnkùn, àbí? Yéè! Ká ní inú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ lẹ wà lásìkò yẹn, dókítà á rí bí iṣan ṣe gbé iṣẹ́ náà dé orí, á rí ibi tó tàn yòò nínú ọpọlọ, àmọ́ bó ṣe ń ta yín dé agbárí yẹn gan-an, kò lè rí i láéláé. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Kiní yẹn ni wọ́n ń pè ní consciousness, iyè lèmi ó máa pè é ní tèmi.

Lọ́dún 1641, Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, gbé ìwé jáde pé ọ̀tọ̀ lọkàn, ọ̀tọ̀ lara. Ó dáa. Ọdún 1643 ni ọmọọba obìnrin kan, Elisabeth ti Bohemia, ọmọ ọdún 24 péré, wá kọ lẹ́tà sí i pé ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ọkàn ò bá ṣeé fọwọ́ kàn, kí ló fi ń ti ara tí ara fi ń rìn? Bàbá fèsì títí, ó tún padà sọ pé inú kókó kékeré kan láàárín ọpọlọ ni wọ́n ti ń pàdé. Ṣé ibi tí wọ́n ti ń pàdé la bi yín ni?

Àwọn mìíràn ní ọpọlọ ni gbogbo ẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Dennett, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, tiẹ̀ ní iyè ò rí bá a ṣe rò pé ó rí, ọpọlọ ló ń tàn wá. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ọmọńdinrín yín! Nagel, tóun náà jẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí, ti dá irú wọn lóhùn lọ́dún 1974: ẹ lè mọ gbogbo bí àdán ṣe ń fi ohùn ara ẹ̀ wá ọ̀nà, ẹ ò tíì mọ bó ṣe ń rí lára àdán. Àwọn kan wá ní ohun gbogbo ló ní iyè díẹ̀díẹ̀, títí kan òkúta, ṣùgbọ́n báwo ni díẹ̀díẹ̀ ṣe wá para pọ̀ di èmi kan ṣoṣo? Wọn ò rí ìyẹn sọ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti tẹ́tẹ́. Lọ́dún 1998, ní Jámánì, Koch tó ń ṣèwádìí ọpọlọ bá Chalmers onímọ̀ ọgbọ́n orí ta tẹ́tẹ́ pé kó tó pé ọdún 25, àwọn á ti rí ohun tó ń mú iyè wá nínú ọpọlọ. Nígbà tí 2023 pé, wọ́n gbé èsì àyẹ̀wò lórí àbá méjì síta. Ọ̀kan ní iyè dà bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan gba gbohùngbohùn nínú ọpọlọ tí gbogbo ibi yòókù wá gbọ́ ọ. Ìkejì, ti Tononi tóun náà ń ṣèwádìí ọpọlọ, ní bí ọ̀rọ̀ inú nǹkan bá ṣe so kọ́ra tó ni iyè ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò sí èyí tó yege pátápátá, ni Koch bá gbé wáìnì fún Chalmers lójú gbogbo èèyàn. Ó tún ta òmíràn ṣá o, ó di 2048. Èmi, ẹ̀yìn Chalmers ni mo wà.