Ká Tó Gbẹ́ Ọ̀dà Abẹ́ Ilẹ̀ Wa, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Bu Omi Wò

(Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, lórí ọ̀dà bìtúmẹ́nì, ohun dúdú tí wọ́n fi ń tẹ́ títì, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Mo gé e kúrú díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráàyè wá.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ gbogbo, mo kí yín o. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni pé èwo ló wúwo jù: ìpalára tí wíwa epo rọ̀bì ń ṣe fún ilẹ̀ àti omi, àbí epo àti iná tí a ò lè ṣe kí a má lò?

Mi ò ní fojú kékeré wo àìní yẹn. Ẹ lọ sí Òkè-Ajé láàárọ̀, kí ẹ dúró ti ìyá tó ń lọ ata. Ẹ ó rí i tí yóò gbé ike bẹntiróòlù rẹ̀ sókè, tí yóò fojú wọn èyí tó kù nídìí rẹ̀ kó tó dá ẹni tó gbé tòmátì wá lóhùn pé eélòó ni. Nǹkan bíi 200 náírà ni lítà kan kó tó di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023. Nígbà tó máa fi di oṣù keje, ó ti kọjá 500. Ẹ bá mi sọ fún ìyá yẹn pé ká fi epo sílẹ̀, ata ni yóò bù lù yín lójú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó bàjẹ́ ni owó tí a san ká tó rí iná, kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ló fi ń wọn gàrí fún wa. Ní 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa ti òní, ní 1958 wọ́n ti ń kó o lọ sókè òkun, nígbà tó sì di 1978, kànga ibẹ̀ ti dákẹ́. Epo rọ̀bì ń lọ, bẹntiróòlù tí wọ́n fọ̀ lókè òkun ń bọ̀. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú bẹntiróòlù jáde. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1979 ní kí ẹnikẹ́ni má dáná sun gáàsì tó ń bá epo jáde mọ́ láìgbàṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ 1984. Wọ́n ṣì ń sun ún, bẹ́ẹ̀ gáàsì ni àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná wa ń sọ pé kò tó. Ta wá ni ìdọ̀tí yẹn tan iná fún?

Ẹ wo Ogoni, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Shell kò wa epo níbẹ̀ mọ́ láti 1993. Ọdún 2011 ni UNEP, àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, tó gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Ní Nisisioken Ogale, benzene, èròjà kan tó máa ń wà nínú epo, tó wà nínú omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu lé ní ìlọ́po 900 òdiwọ̀n àjọ ìlera àgbáyé, benzene sì ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ní àtúnṣe lè gba ọdún 25 sí 30. Èyí tó ká mi lára jù ni ọdún 18 tó wà láàárín ìgbà tí Shell lọ àti ìgbà tí àbájáde yìí jáde. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ẹjọ́, ilé iṣẹ́ á ní olè ló bẹ́ páìpù, aráàlú á ní irọ́ ni, adájọ́ á sì máa wá ẹ̀rí. Ẹni tí kò mọ bí omi rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀, kí ni yóò fi hàn án?

Ẹ má sì rò pé ọ̀nà jíjìn lọ̀rọ̀ yìí wà. Ọ̀dà bìtúmẹ́nì wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ìhà Ìjẹ̀bú níbí wọ Òǹdó títí dé Ẹdó. Láti nǹkan bíi 1908 ni àwọn òyìnbó Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́lẹ̀ ní ìhà Aráròmí, ogun 1914 ló lé wọn lọ. Ọ̀dà yìí ki, kì í ṣàn bí epo rọ̀bì. Ní Alberta, ní Kánádà, wọ́n máa ń hú ilẹ̀ kúrò, wọ́n á fi omi gbígbóná fọ iyanrìn rẹ̀, tàbí kí wọ́n ti ooru omi wọ abẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi yọ́. Omi ẹlẹ́gbin tó kù ń bẹ nínú adágún ńláńlá títí dòní. Ẹ wá gbé irú adágún bẹ́ẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, létí ọ̀sà, tí òjò oṣù kẹfà ń rọ̀ lé e. Igbó Ọmọ, tí UNESCO ti kà mọ́ igbó àtàtà láti 1977, tí erin ṣì ń gbé, kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹnì kan á ní ká kúkú lo sólà. Èmi náà fẹ́ sólà. Àmọ́ bátìrì tó ti kú ńkọ́? Ẹ béèrè ní Ògijo, ní Rẹ́mọ wa níbí, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé, tó jẹ́ májèlé fún ara, láti inú bátìrì àlòkù. Ní 2025, ìròyìn jáde pé nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ wò, tọmọdé tàgbà, òjé ti pọ̀ nínú rẹ̀. Níbẹ̀ náà, àyẹ̀wò ló kẹ́yìn dé.

Torí náà, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ọ̀dà. Mo ní kí a ti mọ omi wa ká tó jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ń retí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó ìnáwó ọdọọdún tí òfin epo 2021 ní kí ilé iṣẹ́ epo yọ fún ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Òfin yẹn kò kan bìtúmẹ́nì. Òfin ìwakùsà 2007 ló kàn wá, òun ló sì ní kí ilé iṣẹ́ bá ìlú ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Inú àdéhùn yẹn ni kí àyẹ̀wò omi wà, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìlú, kí ó má jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló yan ẹni tó ṣe é.

Bàbá kan béèrè pé ta ni yóò sanwó. Mo ní bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan bá dín ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kù lọ́jọ́ Ojúde Ọba, owó ti jáde nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ṣàwàdà.

Ọmọbìnrin kan láti Abigi, ní Ogun Waterside, ló béèrè ìbéèrè gidi: báwo ni wọ́n ṣe ń bu omi náà fún àyẹ̀wò? Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, ìgbà òjò kan, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, torí omi kì í rí bákan náà. Kí ẹ kọ ọjọ́ àti ojú ibi tí ẹ ti bù ú sílẹ̀. Ìgò ni kí ẹ lò, ẹ má lo ike, torí èròjà epo máa ń lẹ̀ mọ́ ike. Kí ẹ rọ ọ́ kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì gbé e sínú yìnyín títí dé yàrá àyẹ̀wò.