Hainan: Erékùṣù Ẹlẹ́nubodè Méjì

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fa àga súnmọ́ bí, torí ọ̀rọ̀ òní ti ń jó mi lẹ́nu ọjọ́ ti pẹ́. Láti ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2025 tí àwọn Ṣáínà ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹnubodè tuntun ní Hainan, fóònù mi kò sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kò sí owó ẹnubodè mọ́ ní Ṣáínà." "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kó ẹrù gba Hainan." "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé a ò nílò físà mọ́?" Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò rí bẹ́ẹ̀! Àmọ́ nǹkan gidi wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ibi tó máa dì mú.

Ẹ wo máàpù Ṣáínà. Ní gúúsù pátápátá, níbi tí ilẹ̀ Ṣáínà ti tán, ẹ ó rí Hainan roboto bí ẹyin. Abẹ́ Guangdong ló wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sọ ọ́ di ìpínlẹ̀ ara rẹ̀. Èèyàn ibẹ̀ tó mílíọ̀nù 10. Haikou ni olú-ìlú, ó wà lókè. Sanya wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn olówó ti ń gbafẹ́ létí òkun. Omi tó wà láàrin òun àti òdìkejì, ìyẹn ìyókù ilẹ̀ Ṣáínà, Qiongzhou ni wọ́n ń pè é, fífẹ̀ rẹ̀ tó bí 30 kìlómítà ní ìpíndọ́gba. Kò sí afárá lórí ẹ̀ o. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ọba bá bínú sí ni wọ́n ń lé lọ sí Hainan. Wọ́n lé Su Shi, akéwì ńlá yẹn, lọ síbẹ̀ ní ọdún 1097, ó sì lo bí ọdún mẹ́ta ní Danzhou. Ẹ̀fọn, ooru, kò sí dókítà. Ẹni tí wọ́n bá lé débẹ̀, ẹbí rẹ̀ a ti máa sunkún. Lónìí, owó orí pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń pe olówó wá síbi kan náà.

Ó yá, ibi tí gbogbo yín ti máa ń ṣìnà rèé. Mo máa rọra sọ ọ́, mi ò sì ní kánjú.

Ẹnubodè méjì ni Hainan ní. Àwọn Ṣáínà ń pe ọ̀kan ní ìlà kìíní, wọ́n ń pe èkejì ní ìlà kejì. Ìlà kìíní ló kọjú sí òkun, ó kọjú sí gbogbo ayé, sí èmi àti ẹ̀yin. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣí. Ìlà kejì ló kọjú sí Ṣáínà fúnra rẹ̀: sí Guangdong, sí Shanghai, sí gbogbo òdìkejì omi. Èyí ni wọn ò ṣí. Aṣọ́bodè wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò wà níbẹ̀. Ibùdó mẹ́jọ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlà kìíní, mẹ́wàá fún ìlà kejì. Ẹ̀yin náà ẹ wo èyí tó pọ̀ jù.

Ta ni kò mọ Kùtọnù láàrin wa? Ọkọ̀ tòkunbọ̀ á sọ̀ sí èbúté Kùtọnù, wọn á gba owó tó mọ níwọ̀n, inú oníṣòwò á máa dùn. Ṣé ọkọ̀ ti dé? Ó ti dé. Ṣé ó ti dé Èkó? Rárá o! Sẹ̀mẹ̀ ṣì ń dúró dè é. Ẹni tó bá ṣírò owó Kùtọnù tí kò ṣírò owó Sẹ̀mẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ọkọ̀ á wà lójú kan, ẹni tó ni ín á máa tẹ ẹbí láago káàkiri. Kùtọnù ni Hainan. Èkó ni òdìkejì omi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba kan náà ló ni ẹnubodè méjèèjì, omi ló sì wà láàrin, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ro fàyàwọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi o: ẸRÙ TÓ DÉ HAIKOU KÒ TÍÌ DÉ ỌJÀ ṢÁÍNÀ! Ẹ tún un sọ tẹ̀lé mi. Ẹrù tó dé Haikou kò tíì dé ọjà Ṣáínà. Bó bá fẹ́ kọjá sí Guangzhou ní òdìkejì omi, wọ́n á ṣe é bí ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti òkè òkun bọ̀, ẹ ó sì san gbogbo ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Èyí kejì tún wà níbẹ̀ tí kò yé àwọn èèyàn. Irú ọjà tí owó ẹnubodè kò sí lórí ẹ̀ ní ìlà kìíní ti pọ̀ gan-an, ó ti kúrò ní bí 1,900, ó ti di bí 6,600. Ìyẹn ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo irú ọjà lọ. Ó dáa. Ta ló ń jẹ àǹfààní ẹ̀? Kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, èròjà iṣẹ́, irú wọ̀nyẹn. Wọ́n lè tà á láàrin ara wọn láì san kọ́bọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó o sórí káńtà pé kí ìyá Wang wá rà á lọ sílé, owó ẹnubodè á bọ́ sórí ẹ̀. Ẹni tó ń ronú pé òun máa kó ọjà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ kóun ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Haikou, ẹ sọ fún un kó jókòó ná.

Ṣé ẹ ti rẹ̀wẹ̀sì? Ẹ dúró, ibi tó dùn la fẹ́ dé yìí.

Ọ̀nà kan wà tí ẹrù fi lè gba ìlà kejì kọjá láì san owó ẹnubodè: kí ẹ sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ká fi kòkó Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ kó kòkó wọ Hainan, kọ́ńpìnnì yín tó wà níbẹ̀ lọ̀ ọ́, ó yọ òróró ẹ̀, ó fi ṣe ṣokoléètì. Ká ní kòkó náà àti ṣúgà àti gbogbo èròjà tí wọ́n rà kún un jẹ́ 100 yuan. Bí ohun tó jáde bá tó í tà ní 130 yuan, ó kéré tán, a jẹ́ pé iṣẹ́ ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Owó ẹnubodè ti kúrò lọ́rùn yín nìyẹn! Ẹ̀rín ló máa ń pa mí tí mo bá dé ibi yìí, torí láti ilé ìwé la ti ń gbọ́ pé ká yéé ta kòkó lásán. Ẹ wo ibi tí ìwé òfin ti wá ń fi owó bẹ̀ wá. Owó orí ọjà, ìyẹn VAT, ẹ ṣì máa san án o, kí ẹnikẹ́ni má bú mi lẹ́yìn ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má kàn tú ẹrù sínú àpò tuntun kí ẹ pè é níṣẹ́. Dídì lásán, pípò pọ̀ lásán, wọn ò kà á kún. Wọ́n mọ ọgbọ́n yẹn kí ẹ tó dé.

Owó orí ńkọ́? Kíákíá: kọ́ńpìnnì níbòmíràn ní Ṣáínà ń san ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún èrè, ní Hainan, iṣẹ́ tí ìjọba bá fẹ́ràn ń san 15. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n kà sí ògbóǹtarìgì tàbí ẹni tí ìmọ̀ ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tiẹ̀ kò ní kọjá 15, nígbà tó lè dé 45 níbòmíràn. Ẹni náà gbọ́dọ̀ gbé níbẹ̀ fún ọjọ́ 183 lọ́dún. Gbé! Mi ò sọ pé kó bẹ̀ ẹ́ wò.

Kọ́ńpìnnì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ́ńpìnnì lóòótọ́. Èmi fúnra mi ti jìn sí kòtò yìí rí. Àjẹ́ntì kan ní Guangzhou gbowó lọ́wọ́ mi, ó ní òun máa bá mi forúkọ sílẹ̀ ní Haikou, òun á fún mi ní àdírẹ́ẹ̀sì, kò sóhun tí mo tún fẹ́ ṣe. Mo gbà. Ìwé jáde, ó dán, òǹtẹ̀ pupa ńlá wà lára ẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ fúnra mi, yàrá kan ṣoṣo ni mo bá, àwọn orúkọ kọ́ńpìnnì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn ẹ̀ kò ṣeé kà tán, tèmi sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà táwọn agbowó-orí bi mí pé òṣìṣẹ́ dà, ìwé ìṣirò dà, báńkì dà, mo kàn ń wo òkè àjà. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Òṣìṣẹ́, ìwé ìṣirò, dúkìá, ibi tí wọ́n ti ń darí iṣẹ́: gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí lórí erékùṣù yẹn gan-an.

Físà. Orílẹ̀-èdè 59 ló lè wọ Hainan fún ọjọ́ 30 láì gba físà, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018. NÀÌJÍRÍÀ KÒ SÍ NÍBẸ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà, ẹ wà níbẹ̀, àmọ́ ètò yẹn kò gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́ gbowó, kò sì gbé yín dé òdìkejì omi. Ìlà kejì tún ti dé, àbí ẹ ò rí i? Gbogbo nǹkan ní erékùṣù yìí, ìlà kejì ló máa ń já sí.

Ó yá, ká fi owó sílẹ̀ díẹ̀. Ṣé ibi tó ṣeé gbé ni?

Ẹni tó bá ti Èkó lọ kò ní pariwo ooru. Ohun tó máa yà á lẹ́nu ni bí igbó ibẹ̀ ṣe jọ tilé: àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, mángòrò, rọ́bà, ata iyẹ̀rẹ̀ dúdú, kódà ẹ̀gẹ́. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan wà níbẹ̀ láti ọdún 1958 tó ń ṣètò nǹkan ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, ẹ̀gẹ́ sì wà nínú iṣẹ́ wọn. Adìẹ Wenchang, ìyẹn adìẹ ìlú kan ní Hainan, wọn kì í dín in. Wọ́n á bọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á gbé ìrẹsì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹ̀ sè tì í. Ìyàwó mi ní kò ní ata. Mo ní kó gbé ata tirẹ̀ dání, ó sì gbé e lóòótọ́.

Àárọ̀ Haikou, àwọn bàbá arúgbó á jókòó sí ilé tíì olówó pọ́ọ́kú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìwé ìròyìn lọ́wọ́, iyàn lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nínú ìlú, kó lọ jókòó síbẹ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró gba owó: inú owó epo ni wọ́n ti gbà á, látọdún 1994. Àmọ́ kí ẹ tó ra mọ́tò elépo, ẹ rántí pé wọ́n ti kéde pé tó bá di 2030, wọn ò ní ta mọ́tò elépo tuntun níbẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá yí erékùṣù náà ká pátápátá, kìlómítà 653.

Ẹ má lọ gba ilé sí Sanya nígbà òtútù láì béèrè. Àwọn àgbàlagbà láti ìhà àríwá Ṣáínà, níbi tí yìnyín ti ń dì, máa ń wọ́ wá bí lékelèke. "Ẹyẹ aṣíkiri" làwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Owó ilé á gòkè fíofío, tí ooru bá dé, wọ́n á lọ, ìlú á dákẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, Haikou ni kó lọ. Ẹni tó ní iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ẹrù ńlá, kó wo èbúté Yangpu.

Nísinsìnyí, omi tí kò ní afárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ ní Guangzhou lálẹ́. Mo sùn. Mo jí, ọkọ̀ ò mì bó ṣe ń mì tẹ́lẹ̀, ó ń mì lọ́nà mìíràn. Mo yọjú lójú fèrèsé, irin ni mo rí, irin àti òkùnkùn. Mo rò pé mo ti kú! Wọ́n ti já ọkọ̀ ojú irin sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti tì í wọ inú ọkọ̀ ojú omi, a wà lórí agbami. Ọkùnrin tó wà níbùsùn ìsàlẹ̀ ń jẹ ẹyin bíbọ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Bí ìkùukùu bá bolẹ̀ tàbí tí ìjì dé, gbogbo ọkọ̀ ojú omi á dúró. Oṣù Kejì ọdún 2018, lẹ́yìn ọdún tuntun Ṣáínà, ìkùukùu dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò dúró sí èbúté Haikou fún ọjọ́ púpọ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìjì Yagi wọlé ní Wenchang, ó wó igi, ó ká òrùlé, iná lọ, omi lọ. Bí ẹrù yín bá jẹ́ ohun tó lè bàjẹ́, ẹ ṣírò ọjọ́ ìjì mọ́ ọn. Iná lọ, omi lọ, ẹ̀yin náà ṣá mọ̀ ọ́n.

Kí n tó gbàgbé, ṣọ́ọ̀bù aláìlówó-ẹnubodè! Ẹni tó bá ń kúrò ní erékùṣù náà lọ sí òdìkejì lè ra ọjà tó tó 100,000 yuan lọ́dún láì san owó ẹnubodè: lọ́fínńdà, báàgì, fóònù. Fún lílò ara ẹ̀ ni o. Ẹni tó bá rà á tún tà, wọ́n á lé e kúrò nínú ètò náà fún ọdún mẹ́ta, ó sì lè di ẹjọ́. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn kan nínú yín, mo rí yín láti ibi tí mo jókòó sí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé ìwé ìṣirò jáde, a ó sì jọ wo ìdá 30 yẹn. Ẹ̀yin oníkòkó, ẹ fi iye tẹ́ ẹ ń ra tọ́ọ̀nù kan ránṣẹ́ sí mi, iye tẹ́ ẹ ń rà á gan-an o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń sọ fún ìyàwó yín.