Bíbá Ìwé Àtijọ́ Jiyàn

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ pa iṣẹ́ yín tì wá síbí, mo kí yín o. Orí kíka lítíréṣọ̀ àtijọ́ àti ìwé àwọn amòye ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: ẹni tó ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí tí kò bá wọn jiyàn kò tíì kà wọ́n.

Plato, amòye ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ló fi èyí yé mi. Nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Phaedrus, Socrates, olùkọ́ rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ dà bí àwòrán: á máa wò ọ́ bí ẹni tó lẹ́mìí, ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò ní dáhùn. Socrates fúnra rẹ̀ kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Plato tó fi ẹ̀sùn yìí sí i lẹ́nu ló wá kọ ìwé rẹpẹtẹ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìtàkùrọ̀sọ ni gbogbo wọn. Ẹnìkan á sọ tiẹ̀, ẹlòmíràn á ta kò ó, Plato kò sì ní dá sí i. Mo gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí àyè lè ṣẹ́ kù fún òǹkàwé. Bí ìwé kò bá lè dá wa lóhùn, àwa la ó máa bi í, àwa náà la ó sì máa wá ìdáhùn kiri inú rẹ̀.

Ìwé kan wà tó ń bí mi nínú títí dòní. Nínú apá kìíní ìwé Politics, Aristotle, amòye Gíríìsì mìíràn, ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹrú ni ìṣẹ̀dá fi wọ́n ṣe, ó sì pe ẹrú ní ohun èlò ẹlẹ́mìí. Ọ̀rọ̀ yìí kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní Valladolid, ní ilẹ̀ Sípéènì, lọ́dún 1550, òun ni ọ̀mọ̀wé Juan Ginés de Sepúlveda gbára lé láti fi gbèjà ogun tí wọ́n gbé ti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ṣé ká wá sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù? Mi ò gbà. Ẹ padà síbi tí Aristotle ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹrú, ẹ rọra kà á. Ó sọ níbẹ̀ pé àwọn kan ń wí pé òfin èèyàn lásán ló sọ ẹnìkan di ẹrú tó sì fi ẹnìkejì sílẹ̀ lómìnira, pé ìṣẹ̀dá kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, àti pé agbára ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà kò tọ́. Kò dárúkọ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, àwọn tó mọ̀ pé ìwà ìkà ni ti wà, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ síta. Ẹni tó bá ń sọ pé ayé ìgbà náà ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀, kò kà á débẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ka amòye tó ń jẹ́ Epictetus. Ẹrú ni ní Róòmù kó tó gba òmìnira. Arrian, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Marcus Aurelius, tó jọba Róòmù láti ọdún 161 sí 180, dúpẹ́ nínú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ Rusticus tó yá a ní ẹ̀dà ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹni tí Aristotle ìbá pè ní ohun èlò ló ń kọ́ olú-ọba bí yóò ṣe kó ọkàn ara rẹ̀ níjàánu! Inú mi máa ń dùn bí mo bá débẹ̀. Síbẹ̀ olú-ọba yìí kò fòpin sí oko ẹrú, ó sì yẹ ká bi í léèrè ìdí.

Lítíréṣọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Iliad, ewì Homer nípa ogun tí àwọn ará Gíríìsì gbé ti ìlú Troy, ní ìlà tó lé ní 15,000, ogun ló sì kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì kà á lè rò pé ìṣubú Troy ló fi parí. Ìsìnkú Hector, akọni ọ̀tá, ló fi parí. Ṣáájú ìyẹn, Priam, bàbá Hector, wọ àgọ́ Achilles, jagunjagun Gíríìsì tó pa Hector, lóru, ó fẹnu ko ọwọ́ tó pa àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kó rántí bàbá tirẹ̀. Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún: Priam ń sunkún Hector, Achilles ń sunkún bàbá rẹ̀ àti Patroclus ọ̀rẹ́ rẹ̀. Homer kò wàásù níbẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú Apology àti Crito, ìwé Plato méjì. Wọn kò gùn. Nínú ti àkọ́kọ́, Socrates ń jẹ́jọ́ ní Áténì lọ́dún 399 ṣáájú ìbí Kristi. Ó ní bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ dá òun sílẹ̀ lórí àdéhùn pé kí òun má ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ mọ́, òun kò ní gbà. Òrìṣà tó rán òun níṣẹ́ ni òun yóò gbọ́ tirẹ̀. Nínú ìkejì, wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún un, Crito ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a lẹ́wọ̀n kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ṣètò bí yóò ṣe sá lọ. Socrates kọ̀. Ó ní Òfin ìlú lè bi òun pé: ṣebí àwa la tọ́ ọ dàgbà? Yálà kí o yí wa lọ́kàn padà, tàbí kí o gbọ́ràn.

Báwo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe lè jáde lẹ́nu ẹnìkan? Àwọn kan ní ó kọ̀ láti hùwà ibi, ṣùgbọ́n kò kọ̀ láti jìyà. Wọ́n sì ní ẹ̀rí: nígbà tí àwọn òṣìkà 30 tó gba ìjọba Áténì ní kó bá wọn mú Leon ará Salamis wá kí wọ́n lè pa á, ọ̀nà ilé rẹ̀ ló gbà lọ. Ìdáhùn yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òfin tó bá ní kí èèyàn pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ọ̀nà wo ló ṣẹ́ kù tí olúwarẹ̀ yóò fi yí i lọ́kàn padà? Lójú tèmi, Socrates inú Apology ló jàre Socrates inú Crito. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín.