Alẹ́ Àná Ni A Ti Ń Tan Katakata Nígbà Òtútù

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Ní Saskatchewan, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, òtútù lè mú dé dígírì Celsius 40 sí ìsàlẹ̀ òdo, síbẹ̀ màlúù kò ní ṣàì jẹun, katakata ló sì ń gbé koríko gbígbẹ lọ bá wọn. Àgbẹ̀ tí ó bá dúró di àárọ̀ kí ó tó ronú bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò ṣe tan ti pẹ́ jù.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo bíi ti ọkọ̀ tí ń lo pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì, irin tí ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, máa ń fún pọ̀ títí tí yóò fi gbóná débi tí epo yóò gbiná. Bí irin bá ti tutù wọnú, òun ni yóò fa ooru yẹn mu. Ọ́ìlì náà á ti ki, ẹ́ńjìnnì á ṣòroó yí, bátìrì kò sì ní lágbára tó ti ìgbà ooru mọ́.

Epo gan-an ló tún le jù. Ohun kan bí ìda wà nínú dísẹ́ẹ̀lì, tí òtútù máa ń mú dì bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò nígbà ọyẹ́, a sì dí asẹ́ epo pa. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ta epo ìgbà òtútù lọ́tọ̀. Oògùn tí kì í jẹ́ kí epo dì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí epo tó dì ni a ń dà á sí i. Bí ó bá ti dì tán, oògùn yìí kò ní ràn án mọ́, a lè ní láti wọ́ katakata lọ sí ibi tí ó gbóná.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí a rọ epo kún táǹkì, nítorí inú táǹkì tí ó ṣófo ni ìrì ti ń sẹ̀, tí omi rẹ̀ á sì di yìnyín. Kí ẹ̀rọ tí ń mú omi inú ẹ́ńjìnnì gbóná wà lórí iná mànàmáná fún wákàtí 3 tàbí 4 ṣáájú iṣẹ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí òtútù bá le.

Bí a bá ń tan án, kí a má ṣe di kọ́kọ́rọ́ mú ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Kí sítátà sinmi fún ìṣẹ́jú 2 kí a tó tún gbìyànjú. Katakata tí ó bá ní púlọ́ọ̀gì amúgbóná, èyí tí kì í ṣáná ṣùgbọ́n tí ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná kí ó tó tan, a kò gbọdọ̀ fín ether, oògùn tí ń tètè gbiná tí a fi ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ láti tan, sí i rárá, nítorí ó lè bú gbàmù. Bí ó bá sì ti tan, kí a fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a wá fi iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ títí gẹ́ẹ̀jì tí ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn yóò fi gòkè, nítorí dísẹ́ẹ̀lì tí ó kàn dúró lójú kan kì í tètè gbóná.