Làpálàpá ni F, irọ́ ni ẹ̀tẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àbàwọ́n kékeré inú tiransikíríìpù, ìyẹn ìwé èsì yunifásítì, ṣe ń kan ẹni tó fẹ́ ka MBA, oyè gíga nínú ìṣàkóso òwò, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ mi rí mọ ibi tí mò ń lọ: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. F kan ṣoṣo, làpálàpá ni. Irọ́ tí a fi bò ó ni ẹ̀tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹnì kan ṣe yúníìtì 150, CGPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba gbogbo èsì rẹ̀ lórí 5, ìbá jẹ́ 4.10. Nínú kọ́ọ̀sì oní-yúníìtì 3, dípò B, F ló gbà. B jẹ́ 4, F jẹ́ òdo, 12 ló sọnù. Ẹ pín 12 sí 150, 0.08 ni. Ó wá ku 4.02. Second Class Upper náà ni, torí 3.50 ni wọ́n ti ń kà á. Ṣé ìyẹn ló ń gba oorun lójú yín? Mo mọ̀ pé lẹ́tà náà ló ń dùn yín, kì í ṣe nọ́ńbà. Bí ẹ tún un ṣe tí ẹ sì gba A, F ọjọ́sí ṣì máa wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Kó wà níbẹ̀! Ẹni tó ń ka ìwé yín ní Boston tàbí Philadelphia ń wò ó bóyá ẹ ṣubú tẹ́ ẹ dìde, tàbí ńṣe lẹ̀ ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ lọ́dọọdún.

Àwọn tó ń gbowó yín láti bá yín kọ fọ́ọ̀mù wá ń ní kẹ́ ẹ yọ ọdún tí kò dáa kúrò, tàbí kẹ́ ẹ fúnra yín sọ èsì lórí 5 di èsì lórí 4. Wọ́n ń ṣe yín ní ibi! Bó ṣe wà lórí ìwé ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní kẹ́ ẹ kọ ọ́. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà yín, wọ́n sì lè gba àyè náà padà.

Àlàyé tẹ́ ẹ máa kọ nípa F náà ò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ṣe sí i, ohun tó fi hàn pé ó ti tán. Ibẹ̀ kọ́ la ti ń sun ẹkún ìyàwó.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ìyanṣẹ́lódì ASUU ni ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo F. Statistics ni tèmi.”

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, ó sì yẹ kí n ti fìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò owó àti dátà ló kún ọdún kìíní MBA. F nínú ìtàn ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. F nínú statistics ń béèrè bóyá o lè gbé ẹrù náà. Àlàyé nìkan ò tó, ẹ̀rí tuntun ni wọ́n fẹ́. Máàkì GMAT tó wà báyìí, ìyẹn ìdánwò ìgbaniwọlé sí MBA, ń lọ láti 205 dé 805: apá Quantitative rẹ̀ ni kí o gbájú mọ́, tó jẹ́ ti ìṣirò, àti Data Insights, tó jẹ́ ti dátà. Ìdánwò ICAN, ti ẹgbẹ́ àwọn aṣírò owó, tí o bá yege ń sọ̀rọ̀ fún ọ. CORe, ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Harvard Business School Online, náà wà: business analytics, ọrọ̀ ajé àti ìṣirò owó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Alága ti ń na aago sí mi. Ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti 2022: ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ọwọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́: ẹni tó ti rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ń fi nọ́ńbà ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀. Ìwọ tí o béèrè ìbéèrè yẹn, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tiransikíríìpù rẹ, ká jọ wò ó.