Bí Mo Ṣe Ń To Airbrush àti Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ Pọ̀ (Ẹ Wo Géèjì Yẹn Dáadáa O!)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojú lọ́nà fídíò yìí. Látọjọ́ tí mo ti gbé danfo mọ́dẹ́ẹ̀lì kékeré yẹn síta, èyí tí mo fi airbrush (ohun èlò bíi bírò tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà) kùn ní yẹ́lò tí mo fa ìlà dúdú méjì sí lára, kò sí kọ́mẹ́ǹtì míì àfi "ẹ̀gbọ́n, psi mélòó lẹ lò?", ìyẹn ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń jáde. Ó dáa, lónìí a máa yanjú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sún un mọ́ kámẹ́rà. Ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀, kò ga ju èékánná mi méjì lọ, kò sí ojú búrọ́ọ̀ṣì kankan níbẹ̀, ó jọ̀lọ̀ bí ara ọmọ jòjòló. Ẹ lọ wá ẹlòmíì tó ṣe irú ẹ̀ ládùúgbò yìí kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.

Ó yá. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mi rèé, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kékeré ni, kì í lo ọ́ìlì, táǹkì abẹ́ ẹ̀ gba lítà 3. Tó bá ti kún á kú fúnra ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀ á tún dìde. Ẹni tówó ẹ̀ bá ká èyí tó ní táǹkì kó rà á o, torí èyí tí ò ní, ṣe ni afẹ́fẹ́ ẹ̀ máa ń já wọ̀ọ̀ wọ̀ọ̀, ìlà tẹ́ ẹ bá fà á wá rí wúruwùru. Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ lọ yá ti àwọn tó ń kun mọ́tò. Ó ṣeé lò, òun lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ariwo ẹ̀! Ìyá onílé mi nígbà yẹn kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní ṣé mo ti ń lọ ata fún gbogbo àdúgbò ni.

Ẹ de rẹgulétọ̀, èyí tá a fi ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù, mọ́ ọn, òun pẹ̀lú ike kékeré abẹ́ ẹ̀ tó ń gba omi. Kẹ́ ẹ tó dè é, ẹ fi tépù funfun tí àwọn pulọ́ńbà ń lò wé ojú ìdè ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ibi tí ìdè bá ń yí sí lẹ máa wé e sí, tẹ́ ẹ bá wé e sódì á kàn ká kúrò ni. Rọ́bà afẹ́fẹ́ wọ ibẹ̀, airbrush wọ rọ́bà, ẹ̀yin náà lójú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán lẹ máa fi de ti airbrush o, ẹ fi sípánà sílẹ̀! Ẹ sì gbé airbrush yín dání lọ sọ́jà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra rọ́bà, torí gbogbo ẹnu ẹ̀ kọ́ ló dọ́gba.

Ẹ po omi ọṣẹ díẹ̀, ẹ fi ra gbogbo oríkèé ẹ̀ bí fọ́kanáísà ṣe máa ń ṣe taya. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Tẹ́ ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣáà ń dìde, afẹ́fẹ́ ń sá lọ níbì kan nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ o, ibí ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ẹ fa orí rẹgulétọ̀ sókè, ẹ yí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà kó há. Ẹ má ka géèjì ara ẹ̀, tó ń sọ psi, nígbà tí airbrush bá dákẹ́! Ẹ tẹ tírígà, kí afẹ́fẹ́ máa jáde, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ kà á. Ẹ wò ó, 25 ló ń sọ báyìí. Mo tẹ̀ ẹ́... 18. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ẹni tó ń sọ fún yín pé 25 lòun ń lò, 18 ló ń lò, kò kàn mọ̀ ni. Èmi, 18 sí 20 fún ara ọkọ̀, tí mo bá fẹ́ fa nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ mo máa sọ ọ́ kalẹ̀ dé nǹkan bí 12, màá sì fi tínà kún ọ̀dà...

Háà. Wọ́n ti mú iná. Ẹ dúró.

Ẹ má bínú sí ariwo, jẹnẹrétọ̀ ni. Tẹ́yin náà bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ kọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ inú táǹkì dànù kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti dìde.

Àbúrò kan ní òun ń rí àmì róbótó róbótó lórí ọ̀dà òun. Omi ni. Lásìkò òjò l'Ékòó níbí, omi máa ń pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á gbóná, tó bá wá tutù nínú táǹkì, omi á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ máa tú ìdè abẹ́ táǹkì tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán. Ẹ wo tèmi nínú kọ́ọ̀bù yìí, ó pọ́n bíi tíì. Ìpáta nìyẹn, torí oṣù méjì gbáko ni mi ò fi tú u, ọ̀lẹ ni mí.

Kẹ́ ẹ tó bu ọ̀dà sí i, ẹ fi omi lásán dán an wò. Tírígà: ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, afẹ́fẹ́, ẹ fà á sẹ́yìn, ọ̀dà. Afẹ́fẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jáde, òun náà ló máa ń dúró gbẹ̀yìn. Tí kọ́ọ̀bù ọ̀dà ara airbrush bá ń hó, ẹ wo ẹnu airbrush, ó tú díẹ̀ tàbí ó dí. Ẹ rọra pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀ o, tó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, imú ẹ̀ ti tẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dà gbọ́dọ̀ ṣàn bíi mílíìkì. Ọ̀dà Tamiya (ilé iṣẹ́ ọ̀dà ni, ti akirílíìkì wọn ni mò ń sọ) máa ń gba spírítì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá da spírítì sí ti Vallejo, ilé iṣẹ́ míì, á dì bíi wàrà, mo ti fojú ara mi rí i, odindi alẹ́ kan ni mo fi fọ airbrush. Yẹ́lò sì rèé, ẹ kọ́kọ́ fi funfun tẹ́ ẹ, kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, ẹ má fẹ́ kó bò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbomú tó ní àgólo méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbomú bébà ti kòrónà yẹn ò tó.

Epo ti ń tán nínú jẹnẹrétọ̀ yìí, ìlà dúdú di fídíò míì. Ẹni tó bá sì tún bi mí ní psi mélòó, kó kọ́kọ́ sọ bóyá ìka ẹ̀ wà lórí tírígà nígbà tó ka géèjì tiẹ̀.